Orúkọ Tó Pè Láti Mumbai

Kókó tí Adégbénga kọ́kọ́ fọwọ́ kàn lọ́rùn ara rẹ̀ kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ níwájú dígí ni, ó ku ọdún mélòó kan kó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní èbúté Onne. Kókó náà kò dùn ún, kò yún un, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òjò ọdún yẹn tó dá, òmíràn ti yọ lábẹ́ abíyá, èyí tó wà lọ́rùn sì ti tó ẹyin ẹyẹlé. Bọ́sẹ̀dé, ìyàwó rẹ̀, ló fi ariwo lé e dé ilé ìwòsàn ńlá kan ní Alakahia. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Dókítà Moṣọpẹ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ará Ọ̀yọ́ kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún aláìsàn.

"Jẹjẹrẹ ni, sà," ni dókítà wí lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò. "Àwọn kókó tó ń bá ara gbógun ti àrùn ló lọ fi ṣe ilé. Ṣùgbọ́n irú èyí máa ń rìn bí ìgbín ni. Ẹ lè bá a gbé fún ọdún púpọ̀. A ò ní í sáré sí i. A ó máa ṣọ́ ọ."

Bọ́sẹ̀dé kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Wọ́n rí ejò nínú ilé, wọ́n ní kí onílé jókòó kó máa wò ó.

"Ẹ ní ká máa ṣọ́ ọ kẹ̀, Dókítà?"

Adégbénga fọwọ́ kan orókún rẹ̀. "Ìyá Kíkẹ́, fara balẹ̀. Iṣẹ́ ìṣọ́ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe."

Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Ọkùnrin náà ń jẹun, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bá àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Elekahia, ní Port Harcourt, jà nítorí ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sí gọ́tà. Nígbà tó yá ni kókó bẹ̀rẹ̀ sí í wú nínú ikùn, tí èébì kò jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ mọ́. Wọ́n fa oògùn sí i lára, irun rẹ̀ re, àìsàn lọ. Ó tún padà wá. Wọ́n pààrọ̀ oògùn, ó tún lọ. Nígbà tó padà lẹ́ẹ̀kẹta, Bọ́sẹ̀dé rí i lójú Dókítà Moṣọpẹ́ pé ohun tó kù nínú àpò rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni dókítà sọ fún wọn pé àwọn oníṣègùn kan ń dán nǹkan tuntun wò ní Mumbai, ní ilẹ̀ Íńdíà, fún àwọn tí irú jẹjẹrẹ yìí ti padà sí lára léraléra. Wọ́n máa ń yọ díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jagun nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọn a tún un ṣe ní ilé àyẹ̀wò kó lè dá àìsàn náà mọ̀, wọn a wá dá a padà sí i lára.

"Mi ò ní í tàn yín," ni ó wí. "Ìdánwò ni. Wọ́n ṣì ń wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́, àti bóyá kò ní í ṣe ìpalára ju bó ṣe yẹ lọ. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn bá bẹ̀rẹ̀ ìjà, ara lè gbóná bí iná. Ó sì lè kan ọpọlọ. Ènìyàn lè máa ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó lè má mọ ibi tó wà. Wọ́n ní oògùn fún un, ṣùgbọ́n kí wọ́n tètè mọ̀ ló ṣe pàtàkì."

Adégbénga rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó yé mi. Ẹ̀jẹ̀ mi ní aṣọ́bodè tirẹ̀. Ẹrù fàyàwọ́ ló yẹ kí wọ́n máa mú. Ṣùgbọ́n àìsàn yìí wọ aṣọ ará ilé, ó ń kí wọn, ó ń kọjá. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ kó díẹ̀ nínú àwọn aṣọ́bodè mi jáde, wọ́n fẹ́ là wọ́n lójú, kí wọ́n dá wọn padà sẹ́nu ibodè."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà."

"Kí wọ́n tètè là wọ́n lójú, nítorí ẹrù ti pọ̀ jù nínú ọgbà."

Ọ̀rọ̀ náà pa dókítà lẹ́rìn-ín. Bọ́sẹ̀dé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan péré ni wọ́n gbà pé kó tẹ̀lé aláìsàn, ẹni náà ní láti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Bọ́sẹ̀dé ni ìbá lọ, ṣùgbọ́n orókún rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́; kó tó gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, yóò sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Kíkẹ́, ọmọ wọn obìnrin, ló kù. Ẹni ọdún méjìlélógún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Choba. Ọmọ tó gbọ́n, tó lókun, tó sì lè fi gẹ̀ẹ́sì bá dókítà èyíkéyìí fà á. Yorùbá nìkan ni ìṣòro rẹ̀. Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, Port Harcourt ló dàgbà sí, pidgin ló fi ń lálàá. Bó bá ń sọ Yorùbá, bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn ló máa ń rí.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ní pápákọ̀ òfuurufú Omagwa, Adégbénga di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú pẹ́. Ará Èkìtì ni, àwọn ọkùnrin ilé wọn kì í sọ̀rọ̀ ìfẹ́ níta. Bọ́sẹ̀dé dúró ti ọ̀pá rẹ̀ títí tí wọ́n fi wọlé tán.

Ní Mumbai, wọ́n yọ ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣe tán. Ọjọ́ tí wọ́n dá a padà sí i lára, àpò kékeré kan báyìí ni, kò kún ife. Kíkẹ́ fi í han ìyá rẹ̀ lórí fídíò.

"Na only this thing, Mummy. Na im we come all this road for."

"Ohun tó kéré ló ń gbé ńlá lulẹ̀," ni Bọ́sẹ̀dé wí. "Jẹ́ ká máa gbàdúrà."

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bi Adégbénga léèrè ọ̀rọ̀. Ọdún wo la wà? Ìlú wo lo wà? Kí ni wọ́n ń pe èyí? Wọn a nà án ní bírò, wọn a fi aago hàn án, wọn a ní kó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ kí wọ́n lè wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó ń gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà sú u. Ọ̀gá àgbà kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n ń fi bírò dán wò bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ gbólóhùn rẹ̀, kí òun náà lè fi wọ́n ṣeré. Nọ́ọ̀sì kò lè kà á. Kíkẹ́ ń kà á bí ẹni tó ń ṣa òkúta lára ìrẹsì.

Dókítà ibẹ̀ ló wá bá Bọ́sẹ̀dé sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lórí fóònù, Kíkẹ́ sì ń túmọ̀ èyí tí kò bá yé ìyá rẹ̀. Ó ní bí aláìsàn kò bá sọ èdè tí àwọn ń gbọ́, ó lè ti ṣìnà kí àwọn tó mọ̀. Ó ní: "Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí nǹkan bá yí padà, bó ti wù kó kéré tó, ẹ sọ fún wa."

Bó ṣe di iṣẹ́ Bọ́sẹ̀dé nìyẹn. Láràárọ̀ ni yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní Elekahia, níbi tí fóònù ti ń rí ìtàkùn ayélujára dáadáa, yóò gbé jígí sójú, yóò máa gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì.

Ibà dé ní ìparí ọ̀sẹ̀ kìíní, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Ara rẹ̀ gbóná débi pé wọ́n ń fi yìnyín tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kíkẹ́ pè pẹ̀lú ẹkún.

"Mummy, im brain don touch! E just dey talk ushu, ushu. I no sabi wetin be ushu!"

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn."

Bọ́sẹ̀dé tẹ́tí sílẹ̀. Ohùn ọkọ rẹ̀ ti rẹ̀, ó gbẹ, ṣùgbọ́n ó ṣe kedere: *uṣu ulé, uṣu ulé.* Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu obìnrin náà, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Iṣu ni, Kíkẹ́. Iṣu ilé ló ń wù ú jẹ. Bí wọ́n ṣe ń pè é lábúlé wọn nìyẹn. Ọpọlọ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ebi ló ń pa á."

Kíkẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ọ̀rọ̀ iṣu yìí ni gbogbo wọ́ọ̀dù fi ṣẹ̀fẹ̀ títí ibà fi rọlẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ibà rọlẹ̀ yẹn ni ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù wọlé, ó sì wọlé pẹ̀lú ojú rere.

Kíkẹ́ ló pè, inú rẹ̀ ń dùn. "Mummy, today e dey alright! E don answer all their questions. Even the Yorùbá wey e dey speak today, everything clear. I hear am well well."

Ó gbé fóònù sí bàbá rẹ̀. Adégbénga jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Kò sọ èdè Èkìtì. Yorùbá tó jọ̀lọ̀, èyí tó máa ń sọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

"Ìyá Ìtẹ́," ni ó wí.

Ọwọ́ Bọ́sẹ̀dé dúró lórí fóònù.

"Ìyá Ìtẹ́, ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti dé láti ilé ìwé?"

Ní ọ̀nà jíjìn yẹn, ọkọ rẹ̀ ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí èsì.

"Ó ti dé," ni ó gbọ́ tí òun fúnra rẹ̀ wí.

"Ó jẹun?"

"Ó ti jẹun."

"Kí ló jẹ?"

"Ìrẹsì àti ẹ̀wà."

"Ó dáa. Sọ fún un pé bó bá tún gun igi pía Ibiere, mo máa nà án tí mo bá dé. Igi yẹn ti gbẹ lápá kan."

"Màá sọ fún un."

Kíkẹ́ gba fóònù padà, ó ní nọ́ọ̀sì fẹ́ wẹ bàbá òun, ó dàbọ̀, ó sì pa á. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó rò pé ọmọ alágbàálé kan ni bàbá òun ń wí.

Bọ́sẹ̀dé jókòó síbẹ̀.

Kí wọ́n tó bí Kíkẹ́, wọ́n ti bí ọmọkùnrin kan. Ìtẹ́olúwa ni wọ́n sọ ọ́. Ilé ìjọba tí wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n ń gbé nígbà náà, Ibiere, obìnrin ará Kalabari kan, sì ni aládùúgbò wọn. Ní ọdún 2001, nígbà òjò, ibà mú ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti kú. Àwọn ọkùnrin ìjọ àti ọkọ Ibiere ló gbé e lọ sin. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún wọn, àwọn náà kò sì bèèrè. Àwọn àgbà tó wá láti ilé kó aṣọ rẹ̀ lọ, wọ́n kó bàtà rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí wọ́n má pe orúkọ náà mọ́, kí ilé ọmọ lè ṣí padà. Wọn kò pè é mọ́. Wọ́n kó kúrò ní ilé yẹn wá sí Elekahia. Nígbà tí Kíkẹ́ dé, ọ̀kan di Bàbá Kíkẹ́, èkejì di Ìyá Kíkẹ́, ìlẹ̀kùn sì tì.

Ọdún mẹ́tàlélógún. Láti ìgbà náà, kò sí ẹnì kan láyé tó bi í pé ṣé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti jẹun.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Dókítà ti sọ ọ́ fún un, kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò gbé fóònù. Ó dìde, ó fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó da ẹ̀wà sórí àtẹ, ó ń ṣà á. Ìrẹsì àti ẹ̀wà. Bó ti ń ṣà á, ó ń rí ọmọ náà lójú, ó jókòó lórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ó ń fọwọ́ kó oúnjẹ nítorí kò fẹ́ràn ṣíbí. Ojú rẹ̀ ti parẹ́ mọ́ ọn lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ti ń bẹ̀rù pé òun kò ní í rí i mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ látẹnu ọkùnrin tí ara rẹ̀ kò yá ló dá a padà wá fún un, tòun teyín iwájú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún lé e jáde?

Oòrùn ti yí kọjá orí òrùlé kí ọ̀rọ̀ kan tó sọ sí i lọ́kàn, ó sì sọ sí i bí ẹni tó ta á létí. Adégbénga kò rántí ọmọ náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà. Ó ti jókòó tì í, ara sì tù ú níbẹ̀. Ẹni tí ara tù lọ́dọ̀ òkú, kí ni yóò tún padà wá wá lọ́dọ̀ alààyè?

Àtẹ ẹ̀wà dà nù nígbà tó dìde.

"Kíkẹ́! Pe dókítà. Pè wọ́n báyìí báyìí. Bàbá rẹ kò dáa."

"Mummy, ó dáa now. Ó ń sùn."

"Kò dáa! Ohun tó ń sọ láàárọ̀, kò sí bẹ́ẹ̀."

"I hear everything wey e talk, Mummy. E just dey ask for one small boy."

"Kò sí ọmọ náà." Bọ́sẹ̀dé di fóònù mú gírígírí. "Ìtẹ́olúwa ni ọmọ náà ń jẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

"I no get ẹ̀gbọ́n."

"O ní. Ó kú. Ó kú kí n tó lóyún rẹ. Bàbá rẹ rò pé ó wà láàyè, ó rò pé ó wà lọ́dọ̀ mi nílé. Kíkẹ́, mo bẹ̀ ọ́, sáré."

*Ó kú.* Kò tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí. Àwọn ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ náà, àwọn ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún àwọn ará ilé. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Kíkẹ́ tó ń sá lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn náà fóònù dákẹ́.

Dókítà jí Adégbénga. Ó fi gẹ̀ẹ́sì bi í ọmọ mélòó ló ní. Adégbénga ní méjì ni, pé ọkùnrin wà ní ilé ìwé. Wọ́n nà án ní bírò. Láàárọ̀, ó ti fi kọ orúkọ rẹ̀. Ní báyìí ó fa ìlà kan bíi kòkòrò tó rìn kọjá, ó sì wo ìlà náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fà á. Wọ́n fa oògùn sí i lára lójú ẹsẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò mọ Kíkẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, kò sọ̀rọ̀ rárá.

Dókítà ní kí Kíkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, pé ó dára tí wọ́n tètè mọ̀. Kíkẹ́ jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an, pẹ̀lú ohùn tútù tí Bọ́sẹ̀dé kò gbọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ rí. Bọ́sẹ̀dé kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti ṣa ẹ̀wà fún ìdajì ọjọ́ kí òun tó pè. Ó dì í mọ́ra, ó ń gbé e kiri.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ kò gba oúnjẹ. Ibiere, aládùúgbò wọn àtijọ́, tó ti di opó, gun kẹ̀kẹ́ márúwá wá bá a, ó gbé ọbẹ̀ ẹja dání, ó sì jókòó tì í láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. "Bosede, chop," ni gbogbo ohun tó ń wí. "If you fall, who go stand?"

Bọ́sẹ̀dé ní kí Kíkẹ́ máa gbé fóònù sí etí bàbá rẹ̀ láràárọ̀. Ọmọ náà ń ṣe é, kò sì bá a sọ̀rọ̀ ju ìyẹn lọ. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, àdúrà ni ó ń gbà. Nígbà tó yá, àdúrà tán lẹ́nu rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn.

"Bàbá Ìtẹ́, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́ náà. Ọmọ kò jẹ ìrẹsì. Ọmọ kò dé láti ilé ìwé. Ó ti lọ, bàbá ẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ wà níbẹ̀, ẹ rántí, òjò ń rọ̀. Ẹ má dúró tì í. Ó mọ ọ̀nà ibi tó ń lọ ju yín lọ. Èmi àti Kíkẹ́ ló kù, a ò sì tíì parí pẹ̀lú yín. Ẹ dìde, ẹ máa bọ̀."

Ní òdì kejì fóònù, Kíkẹ́ tí ó dì í mú bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sunkún bí ọmọdé. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, kò sì lè nawọ́ kàn án.

Kì í ṣe ọjọ́ náà ni Adégbénga jí. Kò jí lọ́jọ́ kejì rẹ̀ pẹ̀lú. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń padà, bí iná ìjọba nígbà tí agbára rẹ̀ kò tó: yóò tàn, yóò rẹ̀wẹ̀sì, yóò tún tàn. Ó ń fi ojú tẹ̀lé nọ́ọ̀sì. Ó di ọwọ́ Kíkẹ́ mú. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló tẹjú mọ́ ọmọ náà pẹ́, ó ní, "Kíkẹ́, kí ló dé tí o rù báyìí? O kì í jẹun ni?"

Wọ́n padà sí Port Harcourt nígbà ọyẹ́. Adégbénga ti dà bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ igi, ṣùgbọ́n ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Dókítà Moṣọpẹ́ ka àbájáde àyẹ̀wò fún wọn láìfi iyọ̀ sí i. Àwọn kókó ọrùn ti lọ. Ti abíyá ti lọ. Ti inú ikùn ti sún kì títí ó fi ku ẹyọ kan tó kéré, tí àwọn oníṣègùn kò sì mọ̀ bóyá àìsàn ni tàbí àpá ibi tí àìsàn wà rí. Wọ́n ní láti tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì máa wò ó fún ọdún púpọ̀. Nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìdánwò náà, ara àwọn kan ti yá pátápátá. Àìsàn ti padà sí àwọn mìíràn lára. Ọkùnrin tó wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tiwọn kò padà sílé.

"Nítorí náà, ẹ kò lè sọ fún wa pé ó ti tán," ni Bọ́sẹ̀dé wí.

"Rárá, Mà. Mi ò lè sọ ọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹ̀rùn yìí dára ju ẹ̀rùn tó kọjá lọ."

"Ó tó," ni Adégbénga wí.

Kò rántí nǹkan kan nínú àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Àárín ìgbà tí ibà mú un àti ìgbà tó bá Kíkẹ́ wí pé ó rù, òkùnkùn ni. Bọ́sẹ̀dé bẹ Kíkẹ́ pé kó jẹ́ kí ara bàbá rẹ̀ le díẹ̀ kó tó sọ nǹkan kan. Kíkẹ́ gbà, ṣùgbọ́n kò tíì dárí jì í. Ó ń gbálẹ̀, ó ń sebẹ̀, ó ń kí i ní "Ẹ kú àárọ̀, Mà," bí àlejò. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló bú jáde, nígbà tí wọ́n jọ ń ṣa ewé ugu nílé ìdáná.

"All my life, Mummy. All my life I dey pray make God give me brother."

Bọ́sẹ̀dé ti ewé iwájú rẹ̀ sápá kan, ó ní, "Wọ́n ní ká má pe orúkọ rẹ̀ ni. Nígbà tó yá, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é mọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Adégbénga jókòó sí pálọ̀, ó ti bọ́ fìlà. Bọ́sẹ̀dé wà nílé ìdáná, ó ń bu oúnjẹ. Ó gbọ́ tí Kíkẹ́ jókòó ti bàbá rẹ̀, tí ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá, Yorùbá tó jọ pé ó ti tò jọ lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Daddy, ta ni Ìtẹ́olúwa?"

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀dé.

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ẹ?"

"Ẹ̀yin ni. Ní Mumbai. Ẹ ní kí Mummy sọ fún un kó má gun igi."

Bọ́sẹ̀dé rò pé ọkọ òun yóò dìde, pé yóò wọ yàrá lọ, yóò tilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe ní ọdún náà lọ́hùn-ún. Kò dìde.

"Ó gun gbogbo igi. Mo tún máa ń fi bẹ́líìtì dẹ́rù bà á, kò bẹ̀rù. Kò bẹ̀rù nǹkan kan, ọmọ yẹn. Mo gbé e dé Onne lọ́jọ́ kan, ó rí ọkọ̀ ojú omi tó tóbi bí àdúgbò yìí, ó ní kí n gbé òun sókè kóun fọwọ́ kàn án." Ó gbé fìlà rẹ̀ sórí orókún. "Àfi ewúrẹ́. Bó bá rí ewúrẹ́, ẹ̀yìn mi ló máa sá sí."

"Ewúrẹ́?" Ẹ̀rín àti ẹkún ló jọ wà nínú ohùn Kíkẹ́.

"Ewúrẹ́ kọ́," ni Bọ́sẹ̀dé wí.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà láìmọ̀, ó fọwọ́ ti férémù ìlẹ̀kùn nítorí orókún rẹ̀. Àwọn méjèèjì yíjú wò ó.

"Ewúrẹ́ kọ́, bàbá ẹ̀. Tòlótòló ni. Tòlótòló ọkọ Ibiere, tó lé e wọ inú gọ́tà lọ́jọ́ ọdún Kérésì."

"Tòlótòló!" ni Adégbénga wí. "Òótọ́ ni. Tòlótòló ni."

Kíkẹ́ dìde, ó gba àwo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì sún àga kan síbẹ̀ fún un. Bọ́sẹ̀dé jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọjọ́ tòlótòló náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.